Ẹjọ́ Bẹ́líìtì

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe akọ̀wé kóòtù n'Ìyágankú.
Gègé mi ló ń kọ ọ́ nígbà tí adájọ́ bá ní,
"A sún un síwájú."
Agbẹjọ́rò kò yọjú: a sún un síwájú.
Iná lọ: a sún un síwájú.
Òjò wọ inú fáìlì: a sún un síwájú.

Mo fẹ̀yìntì. Mo fi díẹ̀ nínú owó mi ra ọkọ̀ pupa kan,
tòkunbọ̀, onílẹ̀kùn méjì, tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja
bí ọkọ ìyàwó níwájú àwọn àna rẹ̀.
Àbẹ̀ní wò ó, ó wò mí.
"Bàbá Ọláòṣebìkan, níbo lẹ fẹ́ sáré lọ?"
Mi ò mọ̀. Mo kàn fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń kùn ni.

Tìjání, mẹkáníìkì Òkè-Bọ́là, na ìka tó dúdú fún ọ́ìlì:
"Bẹ́líìtì kan ń bẹ nísàlẹ̀ yìí, bàbá.
Òun ló ń sọ fún irin kọ̀ọ̀kan ìgbà tó yẹ kó dìde,
ìgbà tó yẹ kó jókòó.
Ọjọ́ tó bá já, gbogbo wọn á dìde papọ̀,
wọ́n á forí sọ ara wọn."
"Ìgbà wo ni wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn?"
"Ẹ bi òyìnbó tó tà á."

Òyìnbó tó tà á kò fi nǹkan kan sílẹ̀
àfi rìsíìtì tí mo bá lábẹ́ ìjókòó, èdè Jámánì,
nọ́ńbà kan tó lè jẹ́ ọdún, tó lè jẹ́ owó.
Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo, kò sì gbọ́ Yorùbá.

Tìjání ní ẹ́ńjìnnì ní láti sọ̀kalẹ̀ pátá.
Ó ní bí a bá ti tú u, ká kúkú pààrọ̀ pọ́ǹpù omi,
ká pààrọ̀ gbogbo rọ́bà;
ẹni tó tú àjà nítorí eku kì í fi aáyán sílẹ̀.
Ó wá dá iye.
Mo jókòó sórí táyà.

Ní Ṣẹ́rẹ́, owó ilé ìwé ọmọ-ọmọ mi: mo sún un síwájú.
Ní Igbe, ìjì gbé páànù wa lọ sílé aládùúgbò: mo sún un síwájú.
Ní Ẹ̀bìbí, kò sí ìdí kankan.
Ọkọ̀ ń kùn bí ológbò tó yó.
Mo sún un síwájú.

Ṣùgbọ́n mo ń ka kìlómítà bí ahun ti ń ka kọ́bọ̀.
Lórí afárá Mọ́kọ́lá, àwọn ọmọkùnrin ń pariwo,
"Bàbá, ẹ tẹ̀ ẹ́!"
Mi ò tẹ̀ ẹ́.
Kí wá ni ti ẹkùn tí mo ń fi okùn fà kiri bí ewúrẹ́?

Mo ní n óò kúkú gbé e kalẹ̀, kó máa sinmi.
Tìjání mi orí:
"Rọ́bà ń gbó níbi tó bá jókòó sí."
Mo dìde lórí táyà, orúnkún mi dún kọ́.
Ó gbọ́. Kò sọ nǹkan kan.

Òjò Okúdù ló dá ẹjọ́ náà níkẹyìn.
Kòtò ẹnu ọ̀nà wa l'Ẹ́lẹ́yẹlé di odò,
ọkọ̀ tí ikùn rẹ̀ ń fẹnu ko ọ̀dà kò lè kọjá mọ́.
Bó bá máa jókòó, kó jókòó ní títú.
A fi í sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun lẹ́yìn Iléyá.

Tìjání fa bẹ́líìtì yọ, ó nà án sí mi.
Mo ká a síwá, mo ká a sẹ́yìn, mo ń wá ibi tó ti sán.
Kò sán. Eyín rẹ̀ pé.
"Ó lè lo ọdún mẹ́ta sí i," ni Tìjání wí,
"ó sì lè já lọ́la ní Géètì."
Mo gbé e kọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà.

Ẹ́ńjìnnì ṣì wà nílẹ̀. Òjò ń lu tapólì.
Pọ́ǹpù omi kò tíì dé láti Èkó.
Tìjání nu ọwọ́, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan:
"Bàbá, ẹ jẹ́ ká sún un sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."
Kí n tó mọ̀, ọwọ́ mi ti wọ àpò,
ó ń wá gègé.